Sakisofóònù áltò mi, àti sikúrúù kékeré tó gba oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni Bàbá tó ń kọ́ mi ní fèrè gba sakisofóònù mi, ó yọ ọrùn rẹ̀, ó ki iná Kérésì wẹ́wẹ́ bọ inú rẹ̀ láti òkè, ó ní kí n pa iná yàrá. Ó wá tẹ kíì bí ẹni fẹ́ fọn ohùn D ìsàlẹ̀. Bí gbogbo ibẹ̀ ṣe ṣókùnkùn tó, ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín kan ń yọ lábẹ́ páàdì F#, ìyẹn ìdérí rírọ̀ tó ń dí ihò kan lára fèrè, bíi ti abẹ́ ilẹ̀kùn láàárọ̀ kùtùkùtù.

"Ọmọ mi, wo ibi tí èémí rẹ ń gbà lọ."

Ó mú sikúrúdíráfà irú èyí tí wọ́n fi ń tún aago ṣe, ó tú sikúrúù kan díẹ̀, kò tó ìdá mẹ́rin ìyípo kan. Mo fọn ọ́n. D jáde, ó nípọn, ó dúró. C tẹ̀ lé e. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti rà á, ní ilé ìtajà ohun èlò orin kan ní Adó-Èkìtì, ₦285,000. Láti ọjọ́ kìíní ni B, A àti G ti ń jáde dáadáa, àwọn mẹ́ta tí ìka ọwọ́ òsì nìkan ń tẹ̀. Bí mo bá ti fi ọwọ́ ọ̀tún kún un báyìí, ohùn á máa gbọ̀n, á sì kígbe.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbé e padà lọ. Ọmọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ kò tilẹ̀ ṣí àpótí rẹ̀. "Mọ́mì, ẹnu yín ni ò tíì le. Ẹ ṣáà máa fọn ọ́n." Mo gbà á gbọ́. Tíṣà ni mí, mo mọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń ráhùn. Nígbà tí mo padà lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ta páálí rìídì nọ́ḿbà 3 fún mi, ewé tín-ín-rín tó ń gbọ̀n lẹ́nu fèrè, tó ń le sí i bí nọ́ḿbà rẹ̀ bá ṣe ga tó, ó ní ìyẹn ló máa fún ohùn mi lágbára. Nọ́ḿbà 1½ tàbí 2 ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀! Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí, afẹ́fẹ́ lásán ló sì ń jáde.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò gbójú kúrò lára fóònù. "Ọjà tí a bá ti tà kì í padà, mà." Mo ní n kò dá a padà, ẹ kàn jẹ́ kí ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Àwọn ọkùnrin tó ra irú ẹ̀ kò ráhùn." Mo gbé àpótí mi, mo jáde. Títí mo fi wọ ọkọ̀, etí mi ń hó.

Síbẹ̀, ọmọbìnrin tó ń gba owó níbẹ̀ sáré tẹ̀ lé mi dé ìta, ó fún mi ní àkísà rírọ̀ kan àti gírísì kékeré tí wọ́n ń fi pa kọ́ọ̀kì ọrùn fèrè, kò gba kọ́bọ̀. Ó tún pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà láti béèrè bóyá ó ti dára. Ọlọ́run á bù kún un.

Bàbá ló wá ṣàlàyé: tí èèyàn bá tẹ F, E tàbí D, páàdì F# gbọ́dọ̀ bá wọn dì pa. Apá kékeré kan yọ lára F# yìí tó ń tẹ páàdì G# mọ́lẹ̀, sikúrúù yẹn ló sì ń díwọ̀n rẹ̀. Tèmi le jù, ó ń kan G# kí F# tó balẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì ni iṣẹ́ náà gbà, ẹnikẹ́ni tó ń ta fèrè ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà, n kò lè gbé e sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, ó gbóná, dídán rẹ̀ kò ṣá, kò sì wúwo bíi tẹ́nọ̀, sakisofóònù tó tóbi jù ú lọ. Okùn ọrùn tí wọ́n fi sí i kò dára rárá, ó ń ha mí lọ́rùn. Mo ti ra òmíràn. Síìpù àpótí ti já. Mo ti ń bá onídùùrù ìjọ wa lọ báyìí: tó bá ní F, D ni èmi máa fọn, torí orúkọ tí áltò ń pe ohùn kan yàtọ̀ sí èyí tí dùùrù ń pè é. Ọmọ Ìkọ̀lé ni mí, Ìkọ̀lé wa náà ni wọ́n bí Orlando Julius, olórin tó ń fọn sakisofóònù, sí lọ́dún 1943, inú mi sì ń dùn pé mo gbé irú fèrè tó gbé.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n fọn dání, kó fọn ọ́n láti òkè dé B♭ ìsàlẹ̀ pátápátá kí ẹ tó san owó.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti ọ̀rọ̀ "àwọn ọkùnrin" yẹn ni.