Tòkunbọ̀ 2009 tó kún Abẹ́òkúta: èwo ló tó owó rẹ̀?

Lọ́dún 2009, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ débi pé mọ́tò tuntun tí wọ́n tà lọ́hùn-ún kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.4 lọ. Lọ́dún 2007, ó lé ní mílíọ̀nù 16. General Motors àti Chrysler sá wọ ilé ẹjọ́ nítorí gbèsè. Ẹni tó ṣì rówó ra mọ́tò nígbà náà kò wá fáàrí mọ́, èyí tí kò ní dà á láàmú ló ń wá. Nínú ọkọ̀ kékeré, Toyota Camry ló tà jù, Corolla tẹ̀ lé e. Nínú jíìpù, Honda CR-V ni. Nínú ọkọ̀ tó ń kó ìdílé àti ẹrù, Honda Odyssey. Nínú pikọ́ọ̀pù, Ford F-Series, òun ló sì tà ju gbogbo wọn lọ.

Àwọn mọ́tò yẹn gan-an ló wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ nílùú wa báyìí tí ọ̀wọ́n gógó kan àwa náà. Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí náírà sì já wálẹ̀, ẹni tó ń wá Camry 2015 tẹ́lẹ̀ ti ń béèrè ti 2009. Kò burú. Ṣùgbọ́n mọ́tò kọ̀ọ̀kan ló ní àrùn tirẹ̀, àrùn yẹn ló sì yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Corolla 2009 ló tó owó rẹ̀ jù nínú gbogbo wọn. Ẹ́ńjìnnì 1.8 (2ZR-FE) ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù, ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì tí wọ́n ń pààrọ̀. Ó ń mu nǹkan bíi lítà 8 ní kìlómítà 100. Lítà 4.2 ni ọ́ìlì tó ń gbà pẹ̀lú fílítà, torí náà gálọ́ọ̀nù lítà 4 kan kò kún un. Wọ́tà pọ́m̀pù ló máa ń dà á láàmú. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí fáńbẹ́líìtì ti ń yí: bẹ́ ẹ bá rí ohun pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ tó ti gbẹ mọ́ irin bí iyọ̀, omi ti ń jò níbẹ̀. Gíà rẹ̀ máa ń pẹ́ bí wọ́n bá fi ọ́ìlì Toyota WS sí i. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ọ́ìlì gíà kan ṣáá ni òun rọ sí i, ẹ yọ owó pípààrọ̀ rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Corolla yìí náà wà lára àwọn tí wọ́n pè padà nítorí èábáàgì (àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan) tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ba kẹ́míkà inú rẹ̀ jẹ́, tó fi lè bú kó sì ju irin sára ẹni tó jókòó. Ooru àti ọ̀rinrin sì rèé, kò wọ́n wa níbí. Ẹ tẹ nọ́ńbà ṣáàsì rẹ̀ sí ojúlé NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, yóò sọ bóyá wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ sì yẹra fún èyí tí wọ́n kọ XRS sí lára: ẹ́ńjìnnì 2.4 ti Camry ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì 2.4 yẹn (2AZ-FE) ni wàhálà Camry tí à ń pè ní Muscle, láti 2007 sí 2009. Àwọn rìngì tó yẹ kó máa gbá ọ́ìlì kúrò lára sìlíńdà máa ń di pẹ̀lú èédú, ọ́ìlì á wá máa jó mọ́ epo. Toyota fúnra wọn gbà bẹ́ẹ̀: wọ́n pààrọ̀ písítínì àti rìngì lọ́fẹ̀ẹ́ ní Amẹ́ríkà fún mọ́tò tó bá ń jẹ tó lítà kan ní nǹkan bíi kìlómítà 1,900. Àkókò ìlérí yẹn ti kọjá. Ẹni tó bá ń ti Abẹ́òkúta lọ Èkó lójoojúmọ́ tí kì í wo ọ́ìlì rẹ̀ yóò gbọ́ ariwo ṣéènì lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Wọ́n á ní kó ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ mìíràn. Tí tọ̀hún bá jẹ́ ti ọdún kan náà, àrùn kan náà ló gbé wọlé.

Àwọn kan máa ń rọ ọ́ìlì tó ki sí i kí èéfín má baà hàn. Nítorí náà, ẹ dé ibẹ̀ láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan án. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, bó bá gbóná, ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń kán. Ẹ tan án, kẹ́ ẹ jẹ́ kó dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹnì kan tẹ àkísẹ́lẹ́rétọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ dúró lẹ́yìn sàlẹ́ńsà. Lẹ́yìn náà ẹ wà á gun Òkè-Ìlẹ̀wó, kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tún wá tẹ̀ ẹ́ lójijì nísàlẹ̀. Èéfín aláwọ̀ búlúù tó bá yọ nígbà yẹn, ọ́ìlì ni. Kí mẹkáníìkì yín tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: èyí tó bá dúdú tó sì tutù fún ọ́ìlì, òun ni ẹlẹ́rìí.

Camry 2010 àti 2011 ló yẹ kẹ́ ẹ wá, nítorí 2.5 (2AR-FE) ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ má gba ọdún tí wọ́n pè fún yín gbọ́. Nọ́ńbà ṣáàsì ní àmì 17, lẹ́tà àti nọ́ńbà, ẹ ka ìkẹwàá: 9 ni 2009, A ni 2010, B ni 2011. Dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ wà lára gbogbo Muscle, oòrùn ló ń fà á, kò sì dí mọ́tò lọ́wọ́.

CR-V 2009 dára, ó lè gun àpáta ìlú yìí dáadáa. Gíà rẹ̀ fẹ́ ọ́ìlì Honda nìkan. Èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wakọ̀ máa ń kérora bẹ́ ẹ bá ń yí i po nínú ọgbà, ọ́ìlì dífà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ pààrọ̀ kẹ́ ẹ tó gbà pé ó ti bàjẹ́. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ẹ́síì rẹ̀ wọ́n, ẹ tan án kó pẹ́.

Odyssey kò rọ́wọ́ mú níbí bíi Toyota Sienna, Sienna ni àwọn awakọ̀ èrò fẹ́ràn, wọn ò sì ṣìnà. Sienna 2004 sí 2006 (3.3) ń lo bẹ́líìtì tó yẹ ní pípààrọ̀ ní kìlómítà 145,000. Ti 2007 sí 2010 (3.5) ń lo ṣéènì, ó sì ń gba ọ́ìlì lítà 6.1, ṣùgbọ́n páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí VVT-i rẹ̀ (ohun tó ń darí fáàfù ẹ́ńjìnnì) ní rọ́bà láàárín. Rọ́bà yẹn máa ń bẹ́, ọ́ìlì á sì tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lórí ìrìn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó jẹ́ irin látòkèdélẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi kó èrò. Plọ́ọ̀gì mẹ́ta ẹ̀yìn ṣòro dé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì fi ń pààrọ̀ ti iwájú nìkan. Ẹ ní kó fi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó tú hàn yín.

F-150, ọ̀kan lára Ford F-Series tó ṣáájú ní Amẹ́ríkà, epo tó ń mu kò bá àsìkò yìí mu. Toyota Hilux 2.7 tó ń lo bẹntiróòlù ni kẹ́ ẹ rà, dísẹ́ẹ̀lì àbùlà kò lè ba ínjẹ́tọ̀ rẹ̀ jẹ́. Fún ẹni tó ń kó òkúta lọ́nà Kóbapẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù Howo 371 rí páàtì lọ́pọ̀ yanturu. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó ṣáàsì rẹ̀ pọ̀ lábẹ́ pẹpẹ kẹ́ ẹ tó wo ẹ́ńjìnnì.

Láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé, ẹnubodè Ìdí-Ìrókò sì sún mọ́ wa, torí náà ẹ ṣọ́ra fún mọ́tò fàyàwọ́. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ gíláàsì iwájú wé ti ara ilẹ̀kùn awakọ̀ àti ti inú ìwé aṣọ́bodè. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀.