Irin tàbí Alumíníọ̀mù fún Apá Iná Iwájú Alùpùpù Àtijọ́

Ẹni tó bá ń tún Honda àtijọ́ ṣe ní Àgbádárìgì, tí kò sì rí apá tó ń gbé iná iwájú dúró rà mọ́, yóò ní láti yan ohun tí yóò fi ṣe é. Irin wúwo tó nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́ta alumíníọ̀mù, àmọ́ lórí ohun kékeré báyìí, agbára káká ni ẹni tó ń gùn ún yóò fi mọ ìyàtọ̀.

Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì ni ká wò. Irin tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀ jù lè fara da gbígbọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n agbára alumíníọ̀mù a máa dín kù díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi là láti etí ihò bóòtù tàbí níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jù. Ẹni tó bá yàn án gbọ́dọ̀ lo èyí tó nípọn, kí ó sì fi fáìlì dán etí ihò náà dáadáa.

Wẹ́dà ojú ọ̀nà lè jó irin pọ̀. Ti alumíníọ̀mù sábà máa ń gba ágọ́nì, gáàsì tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn kan ibi tí wọ́n ń jó, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun nìkan ló gbè sẹ́yìn alumíníọ̀mù, nítorí irin tí ọ̀dà rẹ̀ bó kì í pẹ́ dógùn-ún. Síbẹ̀, níbi tí bóòtù irin bá ti kan alumíníọ̀mù, omi iyọ̀ a máa jẹ ẹ́, àfi bí wọ́n bá fi rọ́bà sáàárín wọn.

Irin tí wọ́n kùn lọ́dà dáadáa ni èmi yóò yàn fún apá iná, lẹ́yìn tí mo bá ti fi páálí gé àwòṣe rẹ̀. Kí alumíníọ̀mù máa gbé nọ́ńbà ẹ̀yìn.