Ọmọ German Shepherd tí mo rà lọ́wọ́ òǹsìn ajá kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ìràwọ̀ kan péré ni mo fún wọn, ìyẹn náà jẹ́ nítorí pé wọ́n tètè ń fèsì lórí WhatsApp, wọ́n sì gbé ajá náà wá bá mi ní Lágeré láìgba owó ọkọ̀.

₦150,000 ni mo san. Wọ́n ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n fún mi ní káàdì àjẹsára. Ajá náà, Tanímọ̀la, ń jẹun, ara rẹ̀ ń dán. Nígbà tó sún mọ́ oṣù méje ni ìrìn rẹ̀ yí padà. Tó bá fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì ló ń gbé pọ̀ bí ehoro. Tó bá ti jókòó, ọwọ́ iwájú ló fi ń wọ́ ara rẹ̀ kó tó lè dìde. Kò gun àtẹ̀gùn ilé wa mọ́.

Dókítà ẹran ya fọ́tò ìbàdí rẹ̀, ó gbé e sójú iná fún mi. Ó yẹ kí orí egungun itan rì wọnú ihò ìbàdí. Ti Tanímọ̀la ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ síta, ihò náà sì pẹlẹbẹ. Hip dysplasia ni wọ́n ń pè é. Àìsàn ìran ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sísanra jù lè mú un le sí i. Ó wọ́pọ̀ lára German Shepherd àti Rottweiler, àwọn gan-an tí a ń rà ṣọ́lé. Ẹni tó ń sin ajá bó ṣe yẹ á kọ́kọ́ yẹ ìbàdí akọ àti abo wò. Ní Amẹ́ríkà, ajá gbọ́dọ̀ pé oṣù 24 kí OFA, àjọ tó ń yẹ egungun ẹran ọ̀sìn wò, tó fún un níwèé ẹ̀rí ìbàdí.

Mo lọ bá òǹsìn ajá náà nílé. Ọmọkùnrin tó ń bọ́ ajá ló la ọ̀rọ̀ náà fún mi: akọ tó gun ìyá Tanímọ̀la, bàbá ìyá náà ni! Mo rí ìyá ọ̀hún nínú kéèjì. Ọmú rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, oyún mìíràn sì ti wà níkùn. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni abo ajá máa ń wá akọ. Wọn ò jẹ́ kó sinmi nínú ọ̀kankan. Ìyẹn dùn mí ju owó mi lọ. Káàdì àjẹsára yẹn ńkọ́? Kò sí orúkọ dókítà níbẹ̀, kò sí ìlẹ̀mọ́ tí wọ́n ń bó lára ìgò abẹ́rẹ́.

Ẹ ní kí wọ́n fi ìyá àti bàbá hàn yín lórí ìdúró kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀gá wọn ní, “Ẹ má bínú, mọ̀mí, ẹ dá a padà, ma fún yín ní òmíràn nínú èyí tó ń bọ̀.” Inú ìyá kan náà! Mi ò gbà. Ọ̀dọ̀ mi ni Tanímọ̀la wà, mò ń ra oògùn ìrora fún un lóṣooṣù, wọn ò sì dá kọ́bọ̀ padà.