Aago Ọwọ́ Tí Ó Ń Ka Ìṣísẹ̀ àti Ìwé Pélébé Inú Páálí Rẹ̀

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, Ìkòròdú, ni mo ti ra aago ọwọ́ tí ó ń ka ìṣísẹ̀ yìí fún ìyá mi ní ₦28,000. Télọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àrùn ìgbàgbé ni ó bá ìyá tiwọn fínra títí tí màmá àgbà fi kú, ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ inú ìwé pélébé tí ó wà nínú páálí náà fi gún mi lọ́kàn: ó ní ìwádìí ọdún 2023 ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé jíjókòó fún wákàtí 10 lójúmọ́ ń ba ọpọlọ jẹ́.

Aago náà dára níwọ̀n. Bí a bá ti fi sí ṣájà, ó ń tó ọjọ́ 5, okùn rẹ̀ kò sì yún ìyá mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹta, tí wọ́n jókòó ti máṣìnnì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nítorí aṣọ ẹbí, aago náà sọ pé wọ́n ti rin ìṣísẹ̀ tí ó lé ní 4,000. Ọwọ́ tí ó ń ti aṣọ ni ó kà sí ẹsẹ̀.

Èyí ni ó mú mi wá ìwádìí náà kà fúnra mi. Ìwádìí gidi ni, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà, JAMA, ni ó gbé e jáde. Àwọn 49,841 tí ọjọ́ orí wọn tó 60 sókè ní England, Scotland àti Wales ni wọ́n yẹ̀ wò, 414 nínú wọn ni àrùn ìgbàgbé sì mú láàárín nǹkan bí ọdún 6 sí 7. Bí a bá fi wọ́n wé ẹni tí ó ń jókòó fún wákàtí 9 àti díẹ̀, ewu àwọn oníwákàtí 10 fi ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i, ti àwọn oníwákàtí 12 sì fi ìdá 63 ga. Mo gbóríyìn fún wọn pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi wọn ìjókòó, wọn kò gbára lé ohun tí ènìyàn rántí. Síbẹ̀, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n so ẹ̀rọ náà mọ́, fún ọ̀sẹ̀ kan péré, wọ́n kàn ń wo àwọn ènìyàn náà ni, wọn kò pín wọn sí ọ̀nà méjì láti dán nǹkan wò. Ó ṣeé ṣe kí àìsàn tí kò tíì hàn síta ti máa mú ẹlòmíràn jókòó pẹ́. Àwọn olùwádìí náà kò sọ pé ìjókòó ni ó fa àrùn náà. Ẹni tí ó kọ ìwé pélébé ni ó fi ìyẹn kún un.

Ìwádìí mìíràn ní 2022, lára àwọn tí ó lé ní 145,000, rí i pé ewu ga lára àwọn tí ń wo tẹlifíṣọ̀n púpọ̀, ó sì dínkù lára àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà. Ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí àga ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń wọn aṣọ, wọ́n ń gé e, wọ́n sì ń ṣírò nígbà gbogbo.

Mo lè gba ẹni tí ó fẹ́ ka ìrìn rẹ̀ níyànjú pé kí ó ra aago náà, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi ka ìjókòó. Ìyá mi ń wọ̀ ọ́ bí wọ́n bá ń rin lọ sọ́jà ní àárọ̀, wọ́n á sì bọ́ ọ sínú dúrọ́ọ̀ kí wọ́n tó jókòó ti máṣìnnì.