Ìkìlọ̀ fún onígìtá Òṣogbo: ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé gìtá yín kí ẹ tó gbọ́ ohùn pickup

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé owó lọ sọ́jà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé gìtá onígi mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta èlò orin nítòsí Ọláìyá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ra gìtá náà fún mi. Máíkì là ń gbé síwájú ihò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n bí ìlù bá ti wọlé báyìí, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ mi mọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wá pickup, ohun kékeré tí wọ́n ń fi sára gìtá kó lè gbé ohùn rẹ̀ lọ sí sípíkà. Ọkùnrin yìí gbé páálí kan jáde, wọ́n kọ Fishman, orúkọ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe pickup, sí i gàdàgbà. Ó ní láti Amẹ́ríkà ló ti wá, 65,000 náírà ni, ṣùgbọ́n òun á gba 38,000 lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ní kò ṣe é gbọ́ àfi tó bá wọnú gìtá. Kí n tó la ẹnu, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ti fi ayùn gé ẹ̀gbẹ́ gìtá mi, ihò tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.

A so ó mọ́ sípíkà, ló bá ń kùn bí oyin. Okùn kẹfà ń dún bí ẹni ń lu agbá, ti àkọ́kọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Mo ní kó dá owó mi padà. Ó ní, "A ti gé e, bọ̀dá. Ọjà tí a bá ti gé igi fún, a kì í gbà á padà." Ìgbà yẹn ni mo rí i pé gígé yẹn gan-an ni ẹ̀tàn náà. Ó ń yára gé e kí oníbàárà má baà lè dá ọjà padà ni.

Irọ́ sì ni pé kò ṣe é gbọ́. Pickup onírin òòfà, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ihò gìtá, kò nílò ayùn rárá. Ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti de ìdè rẹ̀, ẹ sì ti ń gbọ́ ọ. Lójú tèmi, òun ló dára jù níbi tí ìlù ti pọ̀, torí kì í tètè jẹ́ kí sípíkà máa hu bíi ti àwọn tó lẹ̀ mọ́ igi. Ṣùgbọ́n okùn onírin nìkan ló ń gbọ́. Ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ra irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà fún gìtá olókùn ọ̀rá, kò gbọ́ ohunkóhun títí di òní. Ó dùn mí, torí owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni.

Àwọn piezo róbótó, ìyẹn pickup tó ń gbọ́ bí igi ṣe ń gbọ̀n, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ibi tí okùn so mọ́ ńkọ́? Ẹ lè fi téèpù olójú méjì lẹ̀ wọ́n fún ìgbà díẹ̀ láti dán wọn wò. Èyí tó dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń sùn sábẹ́ egungun funfun tí okùn gìtá gbé lé, ni wọ́n fi mú mi. Bí ìdí egungun yẹn kò bá tẹ́ dọ́gba, okùn kan á máa pariwo, òmíràn á dákẹ́. Kafíńtà tó bá mi tú u ló fi hàn mí: wọn ò fi fáìlì kàn án rárá. Ẹ ní kí ọlọ́jà gbé gìtá mìíràn tó ti fi irú rẹ̀ sí jáde, kí ẹ fi gbọ́ ọ.

Irú èyí tún wà tí preamp rẹ̀, àpótí kékeré tó ń fi bátìrì gbé ohùn ga, ń wọnú gìtá lọ láìgé ẹ̀gbẹ́. Ihò ìdí gìtá, níbi tí a ń so bẹ́líìtì mọ́, ni wọ́n kàn ń fẹ̀ díẹ̀ fún jack, ojú ibi tí a ń ki wáyà bọ̀.

Ẹ fi ọjà tó bá ní òun wá láti Fishman wé àwòrán tó wà lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹ mú wáyà yín dání àti bátìrì 9V tuntun, kí ọlọ́jà má baà rí àwáwí. Bó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun gé e ná, ẹ gbé gìtá yín, ẹ máa lọ.