Ìsọ̀ Wo Ni Kí Ẹ Náwó Sí? Ìfiwéra Fún Ọmọ Àjàṣẹ́, Kétu Àti Ṣábẹ Tó Ń Tajà Láti Òkè Òkun

Àwọn tó ń pè mí láti Paris, Brussels tàbí Montréal kì í kọ́kọ́ sọ ọjà tí wọ́n fẹ́ tà. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Shopify ni kí n mú ni, àbí Etsy?" Ìsọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni méjèèjì. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni mo wà. Iṣẹ́ mi ni kí n bá ará òkè òkun ra ọjà, kí n dì í, kí n sì fi ránṣẹ́, nítorí náà mo máa ń rí ibi tí èrè ń gbà jò lẹ́yìn tí ìsọ̀ bá ti ṣí. Èmi náà á bi wọ́n léèrè: ta ni yóò sanwó? Níbo lowó ẹni náà wà? Níbo lẹrù yóò gúnlẹ̀ sí? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní pẹ́ mọ ìsọ̀ tó yẹ kó náwó sí. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kó má tíì sanwó ìsọ̀ kankan.

Òwò mẹ́ta ló wà níbẹ̀

Òwò kìíní: ẹ wà lókè òkun, ẹ ń ra fóònù, aṣọ ọmọdé tàbí ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀, ẹ ń tà á fún ará ilé. Oníbàárà yín wà ní Àjàṣẹ́ tàbí Ṣábẹ, owó rẹ̀ sì wà lórí fóònù, nínú MTN MoMo, Moov Money tàbí Celtiis Cash. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní káàdì báǹkì.

Òwò kejì: ọjà ilé ni ẹ ń tà fún ará òkè òkun. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti Kétu, òrí, ọṣẹ dúdú, aṣọ, agbọ̀n. Ẹni tó ń rà á wà ní Lyon tàbí Chicago, káàdì ló sì fi ń sanwó.

Òwò kẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú fò. Ọmọ wà ní Lyon, ìyá rẹ̀ wà ní Kétu. Ọmọ fi káàdì san yúrò fún yín, ẹ ra àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì òróró, mátírẹ́ẹ̀sì tàbí gáàsì nílé níbí, ẹ sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ìyá. Ẹrù kò wọ ọkọ̀ òfúrufú, kò kọjá lọ́wọ́ aṣọ́bodè, kò sì sí pé ó há sí ibùdókọ̀ òfúrufú fún ọ̀sẹ̀ kan. Owó tó lágbára ló ń wọlé, fràǹkì sẹ́fà ló ń jáde. Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà lọ́hùn-ún, òwò yìí ni ǹ bá kọ́kọ́ ṣe.

Ìsọ̀ mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́

| Ìsọ̀ | Ohun tí ẹ ó san | Bí oníbàárà ṣe ń sanwó | Òwò tó bá a mu |
|---|---|---|---|
| WhatsApp Business | Ọ̀fẹ́ | MoMo, owó ọwọ́ | Kìíní |
| Etsy | 0.20 dọ́là lórí ọjà kọ̀ọ̀kan fún oṣù mẹ́rin, 6.5% tó bá tà. Owó ìgbowó (ohun tí wọ́n ń yọ láti gba owó káàdì) lọ́tọ̀ | Káàdì | Kejì |
| Shopify Basic | 39 dọ́là lóṣù. 29 lóṣù tí ẹ bá san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan | Káàdì | Kejì, tó bá ti ń tà dáadáa |
| WooCommerce | Ọ̀fẹ́, àmọ́ ẹ ó sanwó orúkọ ìtàkùn àti ibi tí ẹ gbé e sí | Káàdì, MoMo | Kẹta |

Iye owó wọ̀nyí máa ń yí padà, ó sì máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ẹ tún un wò lójú ewé wọn kí ẹ tó fi káàdì sílẹ̀.

Ti WhatsApp kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti 2018 ló ti wà fún oníṣòwò, ẹ sì lè to ọjà tó tó 500 sínú kátálọ́ọ̀gù rẹ̀. Fún òwò kìíní, ẹ má sanwó ìtàkùn fún ẹnikẹ́ni. Ará Àjàṣẹ́ tó fẹ́ ra fóònù lọ́wọ́ yín fẹ́ gbọ́ ohùn yín, ó fẹ́ fídíò fóònù náà níbi tó ti ń tàn, ó sì fẹ́ mọ ilé ta ni òun yóò ti gbà á. Ìtàkùn tó rẹwà kò lè fún un ní èyíkéyìí nínú wọn.

Etsy àbí Shopify: ẹ jẹ́ ká ṣírò ó

Ẹ mú ère kan tí ẹ tà ní 60 yúrò, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 39,357 fràǹkì sẹ́fà. Ẹni tó ṣí ìsọ̀ Etsy rẹ̀ láti Faransé yóò yọ 6.5%, ìyẹn 3.90 yúrò. Yóò yọ owó ìgbowó, 4% pẹ̀lú 0.30, ìyẹn 2.70. Pẹ̀lú owó ìtòjọ díẹ̀ (0.20 dọ́là yẹn), nǹkan bí 6.80 yúrò ti lọ lórí ère kan. Ẹ rántí pé 6.5% yẹn kan owó ìfiránṣẹ́ tí ẹ gbà lọ́wọ́ oníbàárà náà, kì í ṣe owó ère nìkan.

Shopify kò retí kí ẹ tà kó tó gbowó. Tí ẹ bá ta ère márùn-ún lóṣù, dọ́là 39 yẹn jẹ́ bíi dọ́là 8 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí owó ìgbowó tó wọlé. Tí ẹ bá ta 40, kò tó dọ́là kan. Lórí ère olówó 60 yìí, tí títà yín kò bá tíì kọjá méje tàbí mẹ́jọ lóṣù, Etsy ló rọrùn jù fún àpò yín.

Owó nìkan kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Inú ọjà tí èrò ti kún ni Etsy wà: ẹni tó ń wá ère wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Lórí Shopify, ẹ̀yin lẹ ó lọ pe èrò wá, ìpolówó lórí Facebook tàbí Instagram sì ń jẹ owó lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń bínú sí 6.80 yúrò yẹn. Lójú mi, owó ẹni tó bá yín wá oníbàárà ló wà nínú rẹ̀.

Àmọ́ Etsy ní òfin kan tí ẹ gbọ́dọ̀ kà dáadáa. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń tà, ohun àtijọ́ tó ti lé ní 20 ọdún àti èròjà iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbà. Wọn kò fẹ́ kí ẹ ra ère lọ́wọ́ agbẹ́gilére ní Kétu kí ẹ wá tà á bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ẹ. Ohun tí mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni kí agbẹ́gilére fúnra rẹ̀ jẹ́ olóhun ìsọ̀ pọ̀ pẹ̀lú yín, kí orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ hàn níbẹ̀. Ó tọ́ sí i. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ sí Shopify tàbí WooCommerce, níbi tí ẹ ti lè sọ tààrà pé oníṣòwò lẹ jẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó ṣe ọjà.

WooCommerce àti ọ̀ràn owó

WooCommerce ló ń sọ ìtàkùn tí ẹ fi WordPress ṣe di ìsọ̀, ó sì gba ìtọ́jú: ẹ ó máa mú un bá ìgbà mu, ẹ ó máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ olè. Ẹni tí kò ní sùúrù fún un, kó má bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí mo fi yàn án fún òwò kẹta ni pé ẹ̀rọ ìgbowó méjì lè jókòó pọ̀ lórí rẹ̀. Stripe, ilé iṣẹ́ tó ń báni gba owó káàdì, kò tíì ṣí àkáǹtì fún oníṣòwò tó wà ní Benin, àmọ́ ẹ̀yin tó wà ní Faransé, Bẹ́ljíọ̀m tàbí Kánádà lè ṣí i. Ní Faransé, 1.5% pẹ̀lú 0.25 yúrò ni wọ́n ń yọ lórí káàdì Yúróòpù lásán: 1.15 lórí 60 yúrò. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, FedaPay tàbí KKiaPay, tó jẹ́ ilé iṣẹ́ Benin, lè gba MoMo. Ọmọ ní Lyon fi káàdì san díẹ̀, àbúrò rẹ̀ ní Kútọnù fi MoMo san ìyókù, inú ìsọ̀ kan náà.

Yúrò kan jẹ́ 655.957 fràǹkì sẹ́fà, kì í yí. Ẹni tó wà ní Faransé lè fi iye owó sílẹ̀ lónìí kó sì mọ èrè rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Dọ́là kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ẹ fi àlàfo díẹ̀ sínú iye owó yín, kí ẹ sì máa tún un wò.

Àwọn tó ń ṣòwò ní Faransé gẹ́gẹ́ bí micro-entrepreneur (oníṣòwò kékeré tó dá dúró), ẹ fetí sí èyí: 12.3% tí ìjọba ń gbà lórí ọjà títà, orí gbogbo owó tó wọlé ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe orí èrè. Lórí 60 yúrò, 7.38 ni. Tí èrè yín kò bá ju yúrò 10 lọ, ẹ wo ohun tó kù. Fún òwò kẹta, níbi tí àpò ìrẹsì ti ń náni púpọ̀ tí èrè rẹ̀ sì kéré, ẹ ka iye yìí sí owó ọjà kí ẹ tó kéde rẹ̀, tàbí kí ẹ jókòó pẹ̀lú olùṣírò owó kan lórí bí ẹ ṣe lè fi orúkọ òwò náà sílẹ̀.

Ẹrù: láti Kútọnù lẹ́yọ lẹ́yọ, àbí kó wà nílé yín?

DHL yára, mo sì máa ń lò ó fún ohun kékeré tó níye lórí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfúrufú gbé ẹrù kíákíá kì í wo ìwọ̀n nìkan, wọ́n ń wo ààyè tí páálí gbà: ẹ sọ gígùn, ìbú àti gíga di púpọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi 5,000 pín in. Ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó wọn kílò mẹ́ta nínú páálí 40 sí 35 sí 35 yóò di kílò 9.8 lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èrè ti ń lọ.

Nítorí náà, fún oníbàárà Yúróòpù, mo fara mọ́ kí a kó ọjà púpọ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan, kó dé ilé yín, kí ẹ sì máa fi Colissimo tàbí Mondial Relay rán an lẹ́yọ lẹ́yọ. Láti 1 oṣù Keje 2021, kò sí ẹrù tó kéré jù láti san TVA, ìyẹn owó orí ọjà, nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Tí ẹ bá rán an tààrà, oníbàárà lè bá owó tí kò retí pàdé lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì kọ ẹrù náà. Ìdí mìíràn tún wà: òfin fún oníbàárà ibẹ̀ ní ọjọ́ 14 láti dá ọjà padà láìsọ ìdí. Ta ni yóò san owó kí ère padà sí Àjàṣẹ́? Fún Amẹ́ríkà, ẹ mọ̀ pé láti 29 oṣù Kẹjọ 2025, ẹrù tí kò tó 800 dọ́là kò tún wọlé láìsan owó ẹnubodè mọ́.

Ọ̀rọ̀ òrí dùn mí, nítorí ó jẹ́ ọjà tí àwọn obìnrin wa mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Tí ẹ bá tà á ní Yúróòpù bí ohun ìpara, òfin 1223/2009 ní kí ẹnì kan tó wà níbẹ̀ gba ojúṣe rẹ̀, kí ìwé àyẹ̀wò ààbò wà, kí wọ́n sì fi ọjà náà hàn fún àwọn aláṣẹ Yúróòpù kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ọṣẹ dúdú náà wà lábẹ́ rẹ̀. Ìnáwó yẹn lè jẹ gbogbo èrè ọdún kìíní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n àti ère.

Ẹni tó wà nílé

Gbogbo ìsọ̀ yìí dúró lé orí ẹnì kan: ẹni tó ń lọ sí ọjà Ouando fún yín, tó ń dúró de sẹ̀mijàn (ọ̀kadà), tó ń pe ìyá ní Kétu pé ẹrù ti dé. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà san án, wọn kò sì dọ́gba.

Àbúrò tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì wọ́n jù. Kò ní kọ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ni yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iṣẹ́ tirẹ̀ bá dé, ẹrù yín yóò dúró, ẹ kò sì lè bá a wí. Owó oṣù dára tí títà bá dúró ṣinṣin. Sísan án lórí ẹrù kọ̀ọ̀kan ni mo fọwọ́ sí fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ tí kò sí títà, kò sí ìnáwó; ọjọ́ tí títà pọ̀, inú rẹ̀ dùn. Kí owó ọjà àti owó iṣẹ́ má ṣe wà lórí MoMo kan náà. Kí ó ya fọ́tò rìsíìtì, kí ó gba ohùn ẹni tó gba ẹrù sórí fóònù. Ọmọ tó sanwó ní Lyon tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ pé ìrẹsì ti dé yóò tún rà.

Ẹ má sì ti Àjàṣẹ́ kó ìrẹsì lọ sí Ṣábẹ. Ọ̀nà náà lé ní 200 kìlómítà, owó ọkọ̀ á gba èrè yín. Ẹ wá ẹnì kan ní Ṣábẹ, kó ra ti Ṣábẹ ní Ṣábẹ. Ẹ wá ẹnì kan ní Kétu bákan náà.

Tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò kẹta lóṣù yìí láìní ìtàkùn rárá, ẹ ṣí WhatsApp Business, ẹ to ọjà mẹ́wàá tí ìdílé máa ń béèrè jù, ẹ fi líǹkì ìsanwó Stripe sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín lọ́hùn-ún. Tí èèyàn mẹ́wàá bá ti rà lẹ́ẹ̀kejì, nígbà náà ni kí ẹ wá náwó sí WooCommerce.