Tírígà ìbọn afẹ́fẹ́ tó le: ká fọ̀ ọ́, ká pààrọ̀ rẹ̀, àbí ká ra ìbọn mìíràn?

Ìbọn Diana 34 tí mo fi ń lé ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò lórí ẹ̀pà mi ní Kuje kò wúwo tó kílò mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí mo so òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn báàgì ká tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú mọ́ tírígà rẹ̀, tí mo rọra fà á, kílò méjì àtààbọ̀ ni mo kà kí ó tó já. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó wò. Ìka kan ń fi agbára kílò méjì àtààbọ̀ fa nǹkan tí òun fúnra rẹ̀ kò tó kílò mẹ́rin. Ẹnu ìbọn kò lè ṣe kó má yẹ̀.

Ìyà yìí pọ̀ lára ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì ju ti ìbọn ẹ̀tù lọ. Bí tírígà bá ti já, písítìnì, irin tí sípíríǹgì ń tì, ní láti kọ́kọ́ sáré síwájú kó fún afẹ́fẹ́ pọ̀, kí ọta tó gbéra. Gbogbo àkókò yẹn, bó ti wù kó kéré tó, ọwọ́ yín ṣì ń ti ẹnu ìbọn kiri.

Láti Kubwa títí dé Gwagwalada, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó fẹ́ náwó ń bi mí: ṣé kí àwọn tú u fọ̀ ni, kí àwọn ra tírígà mìíràn fi pààrọ̀ rẹ̀, àbí kí àwọn kúkú ra ìbọn tí tírígà rẹ̀ ti dára láti ilé iṣẹ́? Ẹni tí kò bá tíì wọn tírígà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì mọ ohun tó fẹ́ rà.

Kí ni ó ń ṣe é gan-an?

Tírígà lè wúwo. Ó lè máa wọ́, kí ìka máa rìn, kí ó máa rìn, kí ẹ má mọ ibi tí yóò ti já. Ó sì lè máa họ bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Èyí tó wúwo ṣùgbọ́n tó ń já wẹ́rẹ́ lójú kan náà nígbà gbogbo, ọwọ́ ọdẹ lè mọ́ ọn lára. Èyí tó ń wọ́ ni n kò lè fara mọ́ rárá, nítorí ojú á ti rẹ̀ kí ó tó já. Fún oko àti ìgbẹ́, kílò kan sí kílò kan àtààbọ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Kí ẹnikẹ́ni má fi tírígà tó fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ inú igbó.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ fi ọta sínú rẹ̀, kí ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí òkìtì yẹ̀pẹ̀, kí ẹ so òṣùwọ̀n mọ́ àárín tírígà, kí ẹ sì fà á tààrà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ẹ má ṣe yìn ín lófìfo: ọta ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dá písítìnì dúró, bí kò bá sí níbẹ̀, orí písítìnì á fọ́.

Fífọ̀ àti síkúrúù

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù nìyí, òun ni mo sì ní kí gbogbo ẹni tó bá ti ní ìbọn lọ́wọ́ kọ́kọ́ tọ̀, pàápàá lápá Àríwá níbí. Eruku ọyẹ́ kì í dá ibì kankan sí. Nígbà tí mo tú igi ìdí ìbọn tèmi kúrò, eruku àti òróró ti pò pọ̀ láàárín àwọn irin tírígà, ó dúdú, ó ki bí ọṣẹ dúdú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ, mo wá fi orí igi ìṣáná ti gírísì dúdú onímolybdenum díẹ̀ sí ibi tí irin ti ń pàdé irin. Mo tún wọ̀n ọ́n: kílò kan àti ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. N kò tíì fọwọ́ kan síkúrúù kankan.

Ẹ má jẹ́ kí kẹrosíìnì tàbí òróró dé inú ibi tí písítìnì ti ń rìn o. Afẹ́fẹ́ tó fún pọ̀ níbẹ̀ máa ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí òróró á gbiná, ìbọn á bú gbàù, sípíríǹgì á sì bàjẹ́. Ẹ má sì yọ píìnì tó di ilé tírígà mú, torí pé sípíríǹgì ńlá ló ń tì í láti iwájú.

Ní ti síkúrúù tí a fi ń ṣètò tírígà, ìdá mẹ́rin yíyí kan ni kí ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ dì í, kí bárẹ́lì ti padé, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkìtì, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀ dáadáa. Bó bá yìn fúnra rẹ̀, ẹ ti yí i jù, ẹ dá a padà.

Tírígà àpààrọ̀

Èyí wúlò jù fún àwọn tó ní Gamo, ìbọn àwọn ará Sípéènì, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ní tírígà tó ń wọ́ títí. Èyí tí wọ́n ń pè ní GRT-III wà fún un: irin ni, ó wọ ààyè ti àtijọ́ láìsí pé a gé nǹkankan, ó sì ń mú wíwọ́ yẹn kúrú. Àmọ́ kò lè wo ìdọ̀tí sàn. Ẹni tó rà á láìfọ ìbọn rẹ̀ á tún pàdé iyanrìn rẹ̀ lọ́la. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára ìbọn yín dáadáa, torí pé Gamo kò jọra, ẹ sì bi kọ́sítọ́ọ̀mù kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sókè òkun.

Ohun tí mo kọ̀ pátápátá ni kí wọ́n fi fáìlì ha eyín irin tó di písítìnì mú. Oníṣẹ́ irin kan ṣe é fún bàbá ọdẹ kan, ará Ìṣẹ́yìn tó ń gbé Gwagwalada. Tírígà náà fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá ṣẹ́ bárẹ́lì sílẹ̀ (bí a ṣe ń fa sípíríǹgì rẹ̀ sẹ́yìn nìyẹn), wọ́n ń ti ọta bọ̀ ọ́, eyín náà yọ̀, bárẹ́lì sì gbá padà sókè. Ìka ìlábẹ̀ wọn kò tọ́ mọ́ títí di òní. Yálà wọ́n ti tún tírígà yín ṣe tàbí wọn kò tún un ṣe, ẹ máa fi ọwọ́ kejì di bárẹ́lì mú ṣinṣin nígbà tí ẹ bá ń fi ọta sí i.

Ìbọn tuntun

Ẹni tí kò tíì rà rárá ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Láàárín Diana, ẹ béèrè èyí tó ní tírígà T06, tó jẹ́ irin. T05 tó ṣáájú rẹ̀, oníke ni. Ṣùgbọ́n tírígà Rekord tí Weihrauch, ilé iṣẹ́ Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1899, ń fi sínú HW30S, HW50S, HW95 àti HW80 ga ju gbogbo wọn lọ. Ó ń rìn fẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró kí ẹ mọ̀ pé ó ti dé ojú rẹ̀, ó wá já bí ìgbà tí ọ̀pá gíláàsì bá ṣẹ́. Owó HW95 kan lè ra Gamo kékeré méjì, mo mọ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá ro owó Gamo pọ̀ mọ́ ti tírígà àpààrọ̀ àti owó ìfiránṣẹ́, ìyàtọ̀ náà kò pọ̀ tó bí ó ṣe jọ lójú. Fún àparò àti ọ̀kẹ́rẹ́ inú oko, HW30S tó kéré tó ohun tí mo fẹ́; kò fẹ́ agbára púpọ̀ láti ṣẹ́, ẹni tó bá sì kéré lára lè lò ó.

Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Òfin ohun ìjà wa ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìgbàṣẹ, ọ̀rọ̀ pé «afẹ́fẹ́ lásán ni» kò sì gba ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Bí ó bá sì ti dé ọwọ́ yín ní tuntun, ẹ fi síkúrúù sílẹ̀ ná. Ẹ yin nǹkan bí igba ọta sí òkìtì yẹ̀pẹ̀ kí irin àti irin fi mọ ara wọn, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé òṣùwọ̀n báàgì yẹn jáde.